Yàrá Tó Mọ́ Ju Bó Ṣe Yẹ

Ọmọ kò tíì gba báàjì tí àdúgbò ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin náà sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́ orúkọ náà ní àwìn. Bí ẹnì kan bá kí i láti òdìkejì títì pé, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ ǹlẹ́ o!" yóò dúró, yóò sọ ẹrù kalẹ̀, yóò béèrè àlàáfíà ọkọ, aya, ọmọ àti ajá, kí ẹni náà lè rí àyè pe orúkọ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó pínyà.

Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni títẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí omi ń fò sókè níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru bí ẹni pé wọn kì í sanwó omi. Yàrá mẹ́rìnlá ló ń tún ṣe lóòjọ́. Bí a bá kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ́ jọ, odidi ìlú yóò sùn lórí wọn, wọn yóò sì tún rí ibi fi àlejò sí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò tíì sun hòtẹ́ẹ̀lì rí, ìbáà ṣe fún wákàtí kan.

Ohun méjì ló fi ń yangàn láyé: ọmọ rẹ̀, àti pé kò sí ọjà tí òun rà rí ní iye tí wọ́n pè é. Àwọn kan a máa fi aṣọ ṣe fáàrí, àwọn kan a máa fi ọkọ̀ ṣe é. Ní ti Ìyá Nọ́ọ̀sì, owó tí kò ná ni ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Bó bá rí ọṣẹ rà ní ẹ̀dínwó, gbogbo ọgbà ni yóò gbọ́ kí ọṣẹ náà tó kan omi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kò jọ ọ́ rárá. Àǹtí Oníbàtà ni ẹbí ń pè é, nítorí ṣọ́ọ̀bù bàtà mẹ́ta tó ní. Ti Àǹtí ni pé kí owó jáde, kí aráyé sì rí i bó ṣe ń jáde. Ó lawọ́, ẹnikẹ́ni kò lè purọ́ èyí mọ́ ọn, àfi pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá fúnni, ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Nígbà tí ọmọ ẹbí wọn kan ṣe ìgbéyàwó, Àǹtí ló sanwó àga. Ọdún kẹfà rèé, bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà bá délẹ̀, "ọjọ́ àga mi" ni Àǹtí ń pè é.

Ìdí rèé tí ọkàn Ìyá Nọ́ọ̀sì kò fi balẹ̀ nígbà tí lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé. Lẹ́tà náà ní ìbúra àwọn nọ́ọ̀sì tuntun yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ìlú ńlá tí ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́, ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì. Ó tún ní ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí ni yóò gun pèpéle láti fi báàjì sí ọmọ láyà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àǹtí wọlé tọ̀ wọ́n wá.

"Ìyàwó wa, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú," ó wí, kò tíì jókòó tán. "Mo ti rí hòtẹ́ẹ̀lì kan lórí fóònù. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, kọ́tìnì á ṣí fúnra ẹ̀. Èmi ni n óò gbà á fún gbogbo wa. Oúnjẹ náà, orí òkè ténté ẹ̀ la ó ti máa jẹ ẹ́."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ọwọ́ mi ṣì tó kọ́tìnì í fà."

Télọ̀ ni ọkọ Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láìsí ikọ́.

"Ta ni yóò wá fi báàjì sí ọmọ wa láyà?" Àǹtí bi í, bí ẹni tó ń béèrè ibi tí iyọ̀ wà.

"Ìyá tó bí i ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba àlejò ló ni òde o."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni n óò gba àlejò. Gbogbo wa, fún ọjọ́ méjì, ibùsùn àti oúnjẹ. N kò sì ní yá kọ́bọ̀."

Àǹtí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti dé ibẹ̀ títí di àárọ̀ ìbúra, tí ó bá di dandan kí n sanwó ibùsùn kan ṣoṣo, tàbí àwo oúnjẹ kan péré, èmi ni n óò gun pèpéle."

"Mo gbà."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́," Télọ̀ wí láti ìdí ẹ̀rọ, "ẹ rántí pé ọmọ náà ní bàbá."

Àwọn méjèèjì ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí àdéhùn náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó la fi ń sun hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹnu ni. Kò bá ti orí fóònù lọ níbi tí àwòrán ti ń dán, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó gbé àwòrán síbẹ̀ ń gba tirẹ̀ nínú owó náà. Hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ló pè. Kò pè ní àárọ̀ tí gbogbo àlejò ń jáde, kò pè ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń wọlé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ló pè, ìgbà tí máníjà ti jẹun tán tí inú rẹ̀ rọ̀. Kò sì béèrè pé yàrá wo ló pọ́ọ́kú jù, nítorí ìbéèrè aláìmọ̀kan nìyẹn, gbogbo máníjà ló sì ti há ìdáhùn rẹ̀ sórí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú yàrá yín ni ẹ kì í tètè rí tà?"

Máníjà ṣí ìwé yàrá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú èyí rí. Ó ní ọ̀kan wà lẹ́yìn, yàrá méjì tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ilé ìdáná kékeré. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó sì máa ń dún.

"Etí ìyá ọkọ mi kì í gbọ́rọ̀ dáadáa, sà. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń hanrun. Ẹ̀rọ yín ni kó ṣọ́ra."

Máníjà rẹ́rìn-ín, owó náà sì já wálẹ̀. Ó ní oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀, pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá kò ní sanwó.

"Àbígbẹ̀yìn mi ọdún mọ́kànlá ni."

"Ìgbà wo ni yóò pé méjìlá?"

"Ọjọ́ kejì tí a bá kúrò lọ́dọ̀ yín, sà."

Òótọ́ sì ni. Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í purọ́ torí owó. Ó kàn máa ń bá òótọ́ mú ọjọ́ tó dára ni. Ó ní òun yóò san gbogbo owó sílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ìyẹn náà sì tún gé díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Oúnjẹ ló kàn. Ó se ọbẹ̀ ẹlẹ́ran tó ki dáadáa, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá ní pẹlẹbẹ, ó fi sínú fíríìsà títí ó fi le bíi pákó. Nígbà tó tò wọ́n sínú kúlà, ọbẹ̀ ló ń mú ẹran tutù, ẹran ń mú ẹyin tutù, kò sì sẹ́ni tó ra yìnyín. Ìrẹsì, búrẹ́dì àti èso wà nínú àpò kejì. Bí wọ́n ṣe wọ bọ́ọ̀sì ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn: òun àti Télọ̀, Ìyá Àgbà tó bí Télọ̀, àbígbẹ̀yìn, àti Àǹtí Oníbàtà tó wọ dígí dúdú bí ẹni tí kò fẹ́ kí bọ́ọ̀sì mọ òun.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà kéré, ó sì mọ níwọ̀n. Àǹtí fi ìka kan báyìí tọ ojú fèrèsé, ó wo ìka náà bóyá yóò rí eruku, kò rí nǹkan kan, ó sì nu ìka náà bákan náà.

"Kí ló ń dún yẹn?" ó béèrè.

"Ẹ̀rọ omi ni, Àǹtí."

"Mo rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni." Ó kẹ́sẹ̀ sórí àga. "Kí la ó jẹ o, àbí ṣé kí n pe ilé oúnjẹ?"

Kó tó pa ẹnu dé, ìrẹsì ti ń hó, ọbẹ̀ ti yọ́, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá. Àǹtí jẹ àwo méjì. Wọ́n kó ọbẹ̀ tó kù sínú fíríìjì ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyá, òùngbẹ ń gbẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ ra nǹkan tútù fún yín nísàlẹ̀."

Ìyá Àgbà, tí etí rẹ̀ kì í gbọ́rọ̀ dáadáa, gbọ́ ìyẹn ketekete. "Omi ẹ̀rọ ló bá mi lára mu," ó wí. "Má ná owó ẹ, ọmọ mi. Ìyàwó mi ti fún mi ní gbogbo ohun tí mo fẹ́."

Títí di ibí yìí, kò sí ewu. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀, ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Nọ́ọ̀sì jí, ó rí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí aṣọ orí wọn ti rún, ara rẹ̀ kò sì gbà á. Ó jókòó díẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àlejò ni òun, pé ẹlòmíràn ló ń gba owó iṣẹ́ yìí. Ó tún jókòó díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó dìde.

"Ṣé wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ níbí náà ni?" Télọ̀ bi í, nígbà tó fa aṣọ yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ ń rún iṣẹ́ mi."

Ó tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó nu balùwẹ̀ gbẹ, ó ká táwẹ̀lì sí mẹ́ta-mẹ́ta, ó da ìdọ̀tí nù, ó fi ọ̀rá tuntun sínú agolo ìdọ̀tí. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹrù àlejò kò gbọdọ̀ gba ojú ilẹ̀, nítorí náà ó ti gbogbo báàgì wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi etí aṣọ bò wọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo yàrá náà bí ayàwòrán ṣe ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò jọ pé èèyàn kankan sùn níbẹ̀ rí.

Wọ́n jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí aago mẹ́wàá ni wọ́n ń pa á dé, Ìyá Nọ́ọ̀sì sì mọ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ tó bá pẹ́ máa ń jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán náà. Àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹyin pamọ́ sínú báàgì. Ó ti rí àwọn ọlọ́lá tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá wọn, báàgì aláwọ ọ̀nì tí òróró ẹyin ń kán lábẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó tọ́jú owó," ó sọ fún àbígbẹ̀yìn, "kì í ṣe olè."

Nígbà tí wọ́n ń jáde, kò sẹ́nì kankan nídìí tábìlì ìgbàlejò. Àlejò mìíràn ìbá fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ìyá Nọ́ọ̀sì mọ iye kọ́kọ́rọ́ tí àlejò ti sọ nù lójú rẹ̀. Ó yà sẹ́yìn tábìlì náà, ó wá ìṣó tí nọ́ńbà yàrá wọn wà lórí rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ rere.

Ọmọ wọn nọ́ọ̀sì mú wọn kiri títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Wọ́n rí wọ́ọ̀dù tó ti ṣiṣẹ́, wọ́n rí ọgbà òdòdó tí wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó síbi odò, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti èso. Ó bá wọn padà láti wá jẹun alẹ́, nítorí ó ti ń ronú nípa ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Kọ́kọ́rọ́ kò sí lórí ìṣó. Wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n rí ilẹ̀kùn yàrá wọn ní ṣíṣí. Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì. Ó mú ṣíbí lọ́wọ́. Ọbẹ̀ ló wà níwájú wọn, ó sì ti kù ṣíńkín.

"Ẹ káàbọ̀ o," ọkùnrin náà wí, nítorí ẹni tó mọ ìwà hù ni. "Ẹ wá bá wa jẹun."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ń wo nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ló dáhùn.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ọmọ mi," ó wí. "Ọbẹ̀ ìyàwó mi kì í ṣe èèyàn ní ibi."

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ọbẹ̀ tiyín? Ọmọge tó wà nídìí tábìlì iwájú ló sọ fún mi pé oúnjẹ wà nínú owó yàrá! Mo ṣí fíríìjì, mo rí i, mo sọ fún ìyàwó mi pé, irú hòtẹ́ẹ̀lì wo rèé!"

Ariwo náà ló mú máníjà wá, kálámù létí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọge tí ń tún yàrá ṣe tẹ̀ lé, ọmọ tó tínrín, tó ń nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó yé gbogbo wọn. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó, owó ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀, yàrá sì mọ́ kedere. Wọ́n rò pé àwọn àlejò ti lọ. Wọ́n sì ti tà á fún ẹlòmíràn.

"Ìwọ lo sọ fún mi pé o ti tún un ṣe!" máníjà jágbe mọ́ ọmọge náà.

"Sà, mi ò sọ pé èmi ni mo tún un ṣe. Mo ní ó ti wà ní títúnṣe. Mo débẹ̀, mo rí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé ẹ ti rán ẹlòmíràn. Sà, ó dáa ju tèmi lọ."

"Àlejò wo ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì? O kò débẹ̀ rárá ni. Lọ kó ẹrù ẹ, má padà wá lọ́la." Ó wá yíjú sí Ìyá Nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ má bínú, màdáámù. N óò dá gbogbo owó yín padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní yàrá mìíràn, ọ̀sẹ̀ ìbúra nìyí, gbogbo ìlú ló kún."

Àǹtí Oníbàtà ti ṣí báàgì rẹ̀. Ó sún mọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn náà sì kún fún àánú bí ti ẹni tó ti borí.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ o. Ẹ̀bi tiwọn ni. Gbogbo owó ẹ ló ń bọ̀ wá sílé yẹn. Èmi á kó gbogbo wa lọ síbi kọ́tìnì, a ó jẹun, a ó sùn. Báàjì kò wúwo, ìyàwó wa. Èmi á bá ẹ fi sí i."

Gbogbo owó rẹ̀! Kí ọbẹ̀ nìkan jẹ́ ohun tó ná lórí ìrìn àjò náà! Ìtàn tí èèyàn lè fi ọdún mẹ́wàá sọ ní àdúgbò nìyẹn. Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ọmọge náà tó ti ń tú okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀: èékánná tí a gé mọ́ ẹran, àtẹ́lẹwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ. Bí ó bá dákẹ́, báàjì lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, báàjì lọ, owó náà lọ.

"Máníjà," ó wí. "Òun kọ́. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Èmi ni mo ti ẹrù sábẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i. Iṣẹ́ mi ni, ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ má lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí àṣejù mi. Tí ẹ bá fẹ́ dá owó padà, ìdajì ti tó, nítorí ìdajì ẹ̀bi náà, èmi ni mo ni ín."

Àǹtí mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí owó tó bọ́ sódò.

Máníjà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí báàgì márùn-ún tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí gíga wọn. Ó dìde, ó yọ kálámù létí. Ìyá Nọ́ọ̀sì kò dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ti sọ òótọ́ tán, orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ bíi ti òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń tún yàrá ṣe?" ó bi ọmọge náà.

"Àwa méjì ni, mà. Ara ìkejì mi kò yá lónìí."

"Mélòó wá ni yàrá tí ẹ kò tíì rí tún ṣe?"

"Méjì, mà. Wọ́n wà lókè. Àwọn tó lò wọ́n ti lọ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣeé wò."

"Máníjà, ẹ gbọ́? Ẹ ní yàrá. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ kò ní lórí wọn. Ẹ kó o wá."

Gbogbo wọn bá a gòkè. Ọkùnrin onísíńgílẹ́ẹ̀tì náà bá wọn lọ, ìtìjú kò jẹ́ kó jókòó. Yàrá àkọ́kọ́ rí bí ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ fún ọmọge náà pé, "Ìwọ mú balùwẹ̀. Láti òkè wá sílẹ̀ o, kí omi má ba ohun tí o ti nù jẹ́." Ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn bá wọn ṣiṣẹ́. Ó ká aṣọ ìdọ̀tí sínú ara wọn, ẹyọ kan kò kan ilẹ̀. Ó wá gba aṣọ tuntun, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ náà fẹ́ bí ìgbòkun, ó balẹ̀ sórí fóòmù láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Ó fi orúnkún gbé fóòmù, ó ká etí aṣọ, ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, igun náà sì mú bí ti àpò lẹ́tà. Kò sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró. Ó yí bẹ́ẹ̀dì náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí.

Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fẹ́ obìnrin yìí, kò tíì rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí. Bí àwọn oníbàárà bá bi í ní iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, "Ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì," ni yóò wí, tí yóò sì tètè mú ọ̀rọ̀ lọ sórí bọ́tìnì, kí wọ́n lè rò pé ọ́fíìsì ló jókòó sí. Ó wo igun aṣọ náà. Ojú télọ̀ ló fi wò ó, ojú tí kì í ṣàánú aṣọ. Kò rí ibi tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lù.

"Èmi tí mo ń fi aṣọ jẹun," ó sọ fún ọkùnrin onísíńgílẹ́ẹ̀tì, "mi ò lè ká a báyẹn." Ó tún padà sórí ohun tó ti sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ àyà síwájú. "Ìyàwó mi nìyẹn."

"Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan, sà."

"Mo tún ń sọ ọ́ ni."

Aago kò tíì lu mẹ́jọ tí yàrá méjèèjì fi parí. Máníjà tẹ àtẹ́lẹwọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tètè gbé e kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n sùn síbẹ̀ títí tí ìbúra fi máa parí. Ó sọ fún ọmọge náà pé kó so épírọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Ó fi ìdajì owó lé Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Obìnrin náà sì gbà á láìṣe ojú àánú, nítorí ìdajì tirẹ̀ ni.

Oúnjẹ ló kù. Àǹtí ṣì di báàgì rẹ̀ mú, ìrètí kò tíì tán pátápátá lójú rẹ̀. Nígbà náà ni ìyàwó ọkùnrin onísíńgílẹ́ẹ̀tì gòkè wá pẹ̀lú àwo ńlá. Adìyẹ yíyan odidi méjì ló wà nínú rẹ̀, àti búrẹ́dì tó ṣì gbóná.

"Ohun tí a fẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀ nìyí kí ọbẹ̀ yín tó tàn wá jẹ," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Ẹ ó sì kọ́ mi ní ọbẹ̀ yẹn kí ẹ tó lọ. Ọkọ mi ti ń fi í yọ mí lẹ́nu."

Àǹtí pa báàgì rẹ̀ dé. Ìró ìdè rẹ̀ dún kedere nínú yàrá náà.

Wọ́n jẹ adìyẹ títí egungun fi dán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn, Àǹtí gun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fẹ́ ti ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ, aṣọ kò gbà. Ó tì í lápá ọ̀tún, ó tì í lápá òsì.

"Ìyàwó wa! Wá ṣílẹ̀kùn fún mi o! Mi ò rí ibi wọlé!"

Ìyá Nọ́ọ̀sì wá tú igun kan fún un. Àǹtí wọlé, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Àǹtí. Wọ́n kàn ń tú u ká títí mo fi mọ̀ ọ́n."

"Hmn," Àǹtí wí. Lẹ́nu Àǹtí, ìyẹn ju odidi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tò síwájú nínú aṣọ funfun. Nígbà tó kan ọmọ wọn, tí olórí ilé ẹ̀kọ́ ní kí ẹbí rẹ̀ gòkè wá, Ìyá Nọ́ọ̀sì dìde, ó fi ọwọ́ tẹ́ iwájú aṣọ rẹ̀, ó sì rìn láàrín àwọn àga. Ó gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dá àwọn tí kò béèrè lóhùn.

"Ìyàwó àbúrò mi nìyẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a wà, wọn ò jẹ́ kó sinmi, máníjà gan-an ń tẹ̀ lé e kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ orí sísàlẹ̀, mo fẹ́ máa rí i!"

Lórí pèpéle, báàjì náà kéré ju bó ti rò lọ. Pín-ìn-nì rẹ̀ kò fẹ́ wọlé.

"Màámi, ṣé kò wọlé ni?" ọmọ náà sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Dúró jẹ́ẹ́. Ìwọ lò ń mí jù."

Ó fi í sí i. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó. Ó yẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Olórí ilé ẹ̀kọ́ wúkọ́, ìyá tó kàn ti gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì kò wo ẹnì kankan. Ó yọ ọ́, ó tún un fi sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dúró ṣánṣán lórí aṣọ funfun náà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ojú tó ti ń fẹ́ sunkún.

"Ó tó," ó wí. "Ó yá, lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."